Kí Àyà Mi Tó Kan Ilẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 8 Jánúárì 1996

Ẹrù tí Fikáyọ̀ ọmọ wa fi rán ẹnì kan láti ìlú Òyìnbó dé lónìí. Hakeem onítakisí ló bá wa lọ gbà á n'Íbàdàn, ó sì gbé e wọlé bí ẹni gbé ẹyin. Ìyá Fikáyọ̀ ti ń retí ṣokoléètì. Aago ọwọ́ dúdú kan ló jáde, pẹ̀lú ìgbànú rọ́bà kan tí a ó máa so yí igẹ̀ ká lábẹ́ aṣọ. Ìgbànú yìí ń gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù, ó sì ń sọ ọ́ fún aago láìsí okùn kankan láàárín àwọn méjèèjì. Bí ọkàn bá sáré kọjá ààlà tí a fún un, aago á ké. Bó bá falẹ̀ jù, á tún ké.

Mo ka ìwé tó bá a wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí n tó fọwọ́ kàn án. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ìyá Fikáyọ̀ wò mí títí. "Ṣé ó máa wò yín sàn ni?"

"Kò ní wò mí sàn. Yóò kàn máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àyà mi fún mi."

"Ẹ̀rù tó ń bà yín tẹ́lẹ̀ ò tíì tó, àbí?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń sọ. Láti oṣù Kẹwàá tí ọkàn mi ti dá mi wólẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀, ẹ̀rù omi tútù ń bà mí, ẹ̀rù àkàsọ̀ ń bà mí, ẹ̀rù ikọ́ ń bà mí. N kì í fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn mọ́, nítorí bí mo bá fi etí lé ìrọ̀rí lọ́nà yẹn, mo máa ń gbọ́ ọkàn mi.

Ọjọ́rú, 10 Jánúárì

Ọsibítù. Sàúdátù ni orúkọ obìnrin físíò, olùtọ́jú ìrìn àti iṣan, tí wọ́n fi mí lé lọ́wọ́. Ọmọ Ìwó ni, ara rẹ̀ balẹ̀, ìborùn rẹ̀ funfun nini. Kò rí irú aago yìí rí àfi nínú ìwé, ó sì yọ̀ mọ́ ọn bí ọmọdé. Ó fi ààlà sí i: àádọ́fà lókè, márùndínláàádọ́rùn-ún nísàlẹ̀. Àárín méjèèjì ni kí ọkàn mi máa wà nígbà tí mo bá ń rìn.

"Bàbá, kì í ṣe ìrìn ìgbafẹ́ o. Kì í sì í ṣe eré. Ẹ rìn bí ẹni tí wọ́n ń retí níbì kan."

Mo bi í bóyá mo lè dọ̀bálẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. "Lọ́jọ́ orí yín yìí, ta ló kù tẹ́ ẹ máa dọ̀bálẹ̀ fún?"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

Ó rí ojú mi, ẹ̀rín rẹ̀ sì tán. Ó ní oògùn tí mò ń lò kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè gòkè sórí. Bí mo bá wólẹ̀ gbalaja tí mo sì dìde lójijì, ojú mi lè ṣú, ọkàn mi sì lè dúró síbẹ̀. Ètò rẹ̀ jẹ́ oṣù mẹ́ta. Ó di àárín oṣù Kẹrin kí òun tó lè gbà fún mi.

"Tẹ́ ẹ bá dọ̀bálẹ̀ kó tó dìgbà yẹn, Bàbá, mi ò mọ ẹni tó máa gbé yín dìde."

Ọjọ́ Àìkú, 14 Jánúárì

Orin tí a kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí ni orin tí a kọ níbi ìsìnkú ìyá wa. Mo jókòó kí n má bàa ṣubú. N kò tíì kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ rí. Ẹ̀rù pé mo lè kú kí n tó kọ ọ́ ló ń tì mí.

Oṣù Kọkànlá ọdún 1977 ni. Èmi ni pírínsípà, èmi ni mo tẹ ètò ìsìnkú náà sórí bébà dídán: agogo mẹ́wàá òwúrọ̀. Kọmíṣánnà jókòó sí ìlà iwájú. Bọ̀ọ̀dá mi Adéagbo, àkọ́bí ìyá wa, ń bọ̀ láti Ẹdúnàbọ̀n. Ọwọ́ rẹ̀ ni òfì tí ìyá wa ní kí a fi wé òun wà. Agogo mẹ́wàá lù, a kò rí i. Pásítọ̀ tẹ̀ sí mi létí, ó ní, "Ṣé ká dúró de àkọ́bí?" Mo wo aago ọwọ́ mi, mo wo kọmíṣánnà. Mo ní, "Ètò ni ètò, sà. Ẹ máa bá a lọ."

Táyà ọkọ̀ wọn ló bẹ́ lọ́nà. Nígbà tó fi máa dé, ẹ̀yìn ṣọ́bìrì ni wọ́n fi ń tẹ iyẹ̀pẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó dúró, òfì náà wà ní apá rẹ̀ bí ọmọ tuntun. Kò pariwo. Kò wo ojú mi. Ọrùn ọwọ́ mi, níbi tí aago wà, ló wò. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó ń lọ.

N kò lọ bẹ̀ ẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún mo ń sọ fún ara mi pé ẹni tó pẹ́ dé ló jẹ̀bi. Nígbà tí n kò gba ara mi gbọ́ mọ́, ojú ló wá ń tì mí, ìtìjú sì ń fi ọdún gun orí ọdún. Ọjọ́ tí mo ṣubú nínú ilé ìwẹ̀, orúkọ tó ti ẹnu mi jáde kì í ṣe ti Ọlọ́run. Tirẹ̀ ni.

Ní Kérésì tó kọjá mo rán pásítọ̀ sí i. Ó gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, ó fún un níṣu, ó ní, "Ẹsẹ̀ Àdìó kọ́ lẹ fi rìn wá. Kó wá fúnra rẹ̀. Kó fi àyà kan ilẹ̀." Àdìó ni oríkì mi.

Ìyẹn ni mò ń rìn fún. Kì í ṣe pé mo fẹ́ pẹ́ láyé. Mo fẹ́ lè wólẹ̀ níwájú rẹ̀, kí n sì tún lè dìde, kó má jẹ́ òkú mi ni mo tún gbé lé e lọ́wọ́ kó bá mi sin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Jánúárì

Mo so ìgbànú mọ́ igẹ̀ láàárọ̀, mo wo aago. Òdo ló kọ. Mo jókòó sétí ibùsùn, mo ń dúró de ohun tó ń tẹ̀lé òdo.

"Ìyá Fikáyọ̀, ọkàn mi ò lù mọ́."

Ó ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè. "Ta wá ló ń bá mi sọ̀rọ̀?"

Inú ìgbànú náà ló yẹ kí a máa fi omi rẹ kó tó lè gbọ́. Ọyẹ́ ti gbẹ ẹ́ pátápátá. Mo rì í bọ omi, mo tún un so, iye sì jáde, ó ga nítorí ìpayà. Títí di ọ̀sán, mo ń wò ó lemọ́lemọ́ bóyá yóò tún padà sí òdo.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Jánúárì

Mo rìn láti Ìlarẹ̀ lọ sí Ẹ̀nuwá n'Ífẹ̀ níbí, n kò sì rìn rárá. Gbogbo ẹni tí mo kọ́ níwèé ló wà lójú ọ̀nà. Ọ̀kan dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà, mo ní láti dúró béèrè ìyàwó, béèrè ọmọ, béèrè iṣẹ́. Aago ké: ọkàn mi ti falẹ̀ jù. Mo tún gbéra, òmíràn kí mi. Aago tún ké. Nígbà tó yá mo kàn juwọ́, mo kọjá lára obìnrin kan tó kúnlẹ̀. Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi: "Ẹ wò ó bí Pírínsípà ṣe ṣì ń gbéra ga. Ikú mà kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láìpẹ́ yìí."

Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé n kò rìn mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 22 Jánúárì

Ìyá Fikáyọ̀ ti rí ọgbọ́n dá sí i. Ó ń tẹ̀lé mi lẹ́yìn pẹ̀lú bàtà kánfáàsì Fikáyọ̀ àtijọ́, òun ló sì ń dá àwọn ènìyàn lóhùn. "Ó ti gbọ́, ó ti gbọ́, ó ní òun kí yín. Ẹ má bínú, dókítà ló ń lé e." Ó ń béèrè ọmọ, ó ń béèrè iṣẹ́, á tún sá eré díẹ̀ bá mi. Èmi ń lọ níwájú bí ọba tí kì í sọ̀rọ̀. Aago kò ké títí a fi dé ojúde Ẹ̀nuwá.

Àwọn mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Kẹrosíìnì tún ti wọ́n.

Ọjọ́ Àìkú, 28 Jánúárì

Lẹ́yìn ìsìn, Èṣùbíyì tí a jọ jẹ́ alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì gbá mi mọ́ra. Ọwọ́ rẹ̀ kan ìgbànú lábẹ́ agbádá mi. Ó fà sẹ́yìn. Ó fi ohùn ìsàlẹ̀ sọ pé, "Fákúnlé. Ìwọ náà so òǹdè?"

Mo ní kì í ṣe oògùn ìbílẹ̀, ẹ̀rọ dókítà ni. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn máa ń wí."

Ní ìrọ̀lẹ́ ó wá sílé. Ó jókòó, ó mu omi, ó sọ̀rọ̀ òjò tí kò rọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ ló tó ní, "Èyí tó wà níbi igẹ̀ rẹ yẹn. Bí wọ́n bá lè bá mi ṣe irú rẹ̀, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ìyá Fikáyọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì rí i pé mo ti kọ́kọ́ wo aago kí n tó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 1 Fẹ́búárì

Ọmọ́ṣaléwá, ọmọ Bọ̀ọ̀dá, yà sọ́dọ̀ wa. Ó máa ń ta èso ní etí títì ní Ẹdúnàbọ̀n, ó sì máa ń wá rajà ní Ifẹ̀. Bàbá rẹ̀ mọ̀ pé ó ń yà, kò sì sọ nǹkan kan.

Ó ní ojú bàbá ti ń ṣú. Ó ń fọwọ́ tá ògiri kó tó dé ẹ̀yìnkùlé.

"Ṣé ó béèrè mi?"

"Wọn ò béèrè. Àmọ́ ìgbà tí mo sọ pé ẹ ti ń rìn dé Ẹ̀nuwá, wọ́n ní, 'Ẹ̀nuwá ò jìnnà.'"

Mo ti ń rò ó látàárọ̀. N kò mọ̀ bóyá ó ń fi mí ṣẹ̀sín ni, tàbí ó ń pè mí.

Ọjọ́rú, 7 Fẹ́búárì

Orí ibùsùn ni mo ti ń kọ èyí.

Láàárọ̀ yìí, lórí òkè kékeré tó lọ sí ìsàlẹ̀ ọjà, aago bẹ̀rẹ̀ sí í ké lójijì. Mo wò ó. Ó kọ igba lé ní ọgbọ̀n. Mo dúró, kò sọ̀ kalẹ̀. Ara kò ro mí. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí, nítorí mo ti gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni ikú kan máa ń wá, láìkànlẹ̀kùn. Mo jókòó sórí pèpéle ilé ẹnì kan. Ìyá Fikáyọ̀ di orí mi mú mọ́ àyà rẹ̀. Àwọn ènìyàn kóra jọ. Ẹnì kan ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ mi, òmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà sókè.

Mo ronú kan Ẹdúnàbọ̀n. Mo ronú pé Bọ̀ọ̀dá yóò gbọ́ ní ọ̀sán, lẹ́nu Ọmọ́ṣaléwá, níbi tó jókòó sí tí kò ríran dáadáa mọ́. Mo ronú pé wọn yóò tẹ ètò ìsìnkú mi sórí bébà dídán.

Hakeem fi takisí gbé mi lọ sí ọsibítù. A kò tíì rìn ju ìsọ̀ mẹ́wàá lọ tí iye náà fi já wálẹ̀ sí mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Dókítà fi ẹ̀rọ tirẹ̀ yẹ̀ mí wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe mí. Mo délé láàyè, n kò sì gbà á gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Fẹ́búárì

N kò jáde lánàá. Lónìí Ìyá Fikáyọ̀ fà mí jáde. Níbi kan náà, lábẹ́ wáyà iná ńlá tó gba orí òkè náà kọjá, aago tún kọ igba lé. Mo sún sẹ́yìn, ó sọ̀ kalẹ̀. Mo sún síwájú, ó gòkè.

Mo padà sílé lọ ṣí ìwé tó bá aago wá. Ó wà níbẹ̀ kedere, lójú ewé tó kẹ́yìn: ẹ má ṣe gba abẹ́ wáyà iná ńlá, nítorí ó lè da ọ̀rọ̀ rú láàárín ìgbànú àti aago. Mo ti kà á. Mo rántí dáadáa pé mo kà á, mo sì rántí pé mo fò ó, nítorí mo sọ nínú ara mi pé iná wo ló wà n'Ífẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ni a kò fi ní iná. Àárọ̀ Ọjọ́rú ló dé.

Mo sọ fún Sàúdátù. Pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu, ó fọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. "Bàbá, ẹ̀yin nìkan lẹ máa fara gba ìyọnu iná tó dé."

Ọjọ́rú, 14 Fẹ́búárì

Ìlà epo gùn láti ilé epo dé ọ̀dọ̀ wa. A rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Fikáyọ̀ kí gbogbo awakọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 22 Fẹ́búárì

Sàúdátù mú ẹran ìtúnu ààwẹ̀ wá fún wa. Ó wo bí mo ṣe ń mí, ó wo aago, ó ní ọkàn mi ń ṣe dáadáa ju bí òun ti rò lọ. Lẹ́yìn náà ó tẹ́ ẹní sílẹ̀.

"Ẹ wá, Bàbá. Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ dọ̀bálẹ̀ o. Mo kàn fẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ni."

Orúnkún kan, kí n dúró. Orúnkún kejì, kí n dúró. Ọwọ́ méjèèjì. Lẹ́yìn náà kí n máa fi ara lélẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá fẹ́ dìde, kí n kọ́kọ́ yí ẹ̀gbẹ́, kí n jókòó nílẹ̀ títí ojú mi yóò fi mọ́lẹ̀, kí n tó wá di nǹkan mú. A kò dé ìsàlẹ̀ lónìí. Orúnkún ni a dé.

Ìyá mi ló kọ́ mi ní ìdọ̀bálẹ̀ kí n tó mọ ABD. Mo gbàgbé ẹ̀kọ́ yẹn fúnra mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Fẹ́búárì

Mo dá a ṣe nínú yàrá, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àyà mi kan ẹní. Ilẹ̀ ń gbọ́ ọkàn mi, mo sì ń gbọ́ ọ láti inú ilẹ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè yí ẹ̀gbẹ́. Mo kàn wà níbẹ̀.

Ìyá Fikáyọ̀ ṣí ilẹ̀kùn. N kò rí ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo rí. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ké. Mo gbọ́ tó ní, ní ohùn tí n kò gbọ́ rí, "Bàbá Fikáyọ̀, ẹ sọ nǹkan."

"Mo wà láyé."

Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ọbẹ̀ tó dà. Ó ní, "Ẹ ti kọ́kọ́ kú fún mi báyìí. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kú lóòótọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa jẹ́ kí n mọ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó kọ́kọ́ fọ ẹní, lẹ́yìn náà ó dárí jì mí.

Ọjọ́rú, 6 Máàṣì

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní àná. Ọmọ́ṣaléwá dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó kún fún ẹrẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé. Egungun kò dá, ṣùgbọ́n kò jẹun mọ́ dáadáa, ó sì ń pe àwọn tó ti kú lórúkọ.

Mo lọ bá Sàúdátù. Ó ka ọjọ́ sórí ìka. Ó ní ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

"Ọ̀sẹ̀ márùn-ún yìí lè má sí fún ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ̀rù yín ló ń bà mí. Ètò ni ètò."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú àánú. Síbẹ̀ mo ní láti di etí tábìlì mú. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi gan-an ni, láti ọdún 1977, ó wá bá mi níbi tí mo sá sí.

Mo ní, "Ọmọ mi, mo ti tẹ̀lé ètò lẹ́ẹ̀kan rí."

N kò ṣàlàyé fún un, kò sì béèrè. Lẹ́yìn náà ó ní òun kò fún mi láṣẹ o. Ṣùgbọ́n bí mo bá máa lọ, kí n má dá lọ. Kí n so ìgbànú, kí n mú oògùn abẹ́ ahọ́n dání. Bí aago bá ké, kí n dúró síbi tó bá mi, ohunkóhun tí mo bá ń ṣe, títí yóò fi dákẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Máàṣì

Ọ̀la ni. N kò lè jẹun. Mo fi ibi tí ìwé àwọn nǹkan ilé wà han Ìyá Fikáyọ̀. Ó ní òun ti mọ ibẹ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Máàṣì

Hakeem rí epo rà nínú jálá lójú ọ̀nà. Ó rọra wa ọkọ̀, ó ń wò mí nínú dígí. Ìyá Fikáyọ̀ di àpò oògùn mọ́ àyà. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dé Ẹdúnàbọ̀n.

Bọ̀ọ̀dá jókòó lórí àga onígi nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé bàbá wa. Ó ti kéré. Mo ti ń ru ọkùnrin ńlá kan kiri nínú orí mi fún gbogbo ọdún yìí, ẹni tó jókòó níwájú mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má kún àga. Ojú rẹ̀ ti di bí omi ìrẹsì.

Ọmọ́ṣaléwá ní, "Bàbá, wọ́n ti dé."

"Ta ni?"

"Bàbá Ifẹ̀."

Mo bọ́ bàtà. Orúnkún kan, mo dúró. Orúnkún kejì, mo dúró. Mo fi ọwọ́ lélẹ̀, mo sì fi ara lé e díẹ̀díẹ̀, títí igẹ̀ mi àti ìgbànú tó wà lára rẹ̀ fi kan ilẹ̀. Ilẹ̀ náà tutù. Ó ní òórùn ilé wa.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, mo jẹ̀bi. Mo sin ìyá wa láìdúró dè yín. Kò sí ẹni tó rán mi. Èmi ni mo wo aago."

Àgbà ló ń sọ pé kí èèyàn dìde. Kò sọ ọ́. Mo wà nílẹ̀, mò ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, èékánná tó ti le bí ìwo. Mo gbọ́ tí ọkàn mi ń sáré. Aago sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké lọ́rùn ọwọ́ mi, ó ń ké, kò dákẹ́. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Ìyá Fikáyọ̀ tó sún, tó sì tún dúró. Mo rò pé ibí ni. Mo rò pé ibi tí mo máa kú sí nìyí, níwájú rẹ̀, kí ó tó dá mi lóhùn.

"Kí ló ń ké?"

"Aago ni, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Aago." Mo mọ aago tí ojú rẹ̀ tó ti ṣú ń wò. "Kí ló wá ń wí?"

"Ó ní ọkàn mi ń sáré jù. Bó bá ti ké báyìí, wọ́n ní kí n dúró."

"Wọ́n ní kó o dúró."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó mí kanlẹ̀. "Ó ti pẹ́ tó o ti ń so aago. O ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí èyí tó ń sọ fún èèyàn pé kó dúró."

Adìyẹ kan wọ ọ̀ọ̀dẹ̀, Ọmọ́ṣaléwá lé e jáde.

"Yí ẹ̀gbẹ́, kó o jókòó," ó ní. "Má dìde. A ó dúró dè é."

Mo yí ẹ̀gbẹ́, mo fi ẹ̀yìn ti ògiri. Gbogbo wa sì dúró de ọkàn mi: Bọ̀ọ̀dá tó na etí sí i, ìyàwó mi, Ọmọ́ṣaléwá, Hakeem lẹ́nu ọ̀nà. Ojú mi ṣú, ó sì tún mọ́lẹ̀. Aago náà ké, ó ké, ó wá dákẹ́.

"Ṣé ó ti dákẹ́?"

"Ó ti dákẹ́, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Àdìó," ó ní, "káàbọ̀."

Láti ìgbà tí ìyá wa ti kú, kò sí ẹni tó pè mí bẹ́ẹ̀ lójúkojú. Mo sunkún níbi tí mo jókòó sí. Bọ̀ọ̀dá jẹ́ kí n sun ún tán.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ ló tó sọ èyí tó kù: "Ìwọ sin ìyá wa. Èmi ò tíì sin ín."

Ọjọ́ Àìkú, 10 Máàṣì

Mo sùn. Mo fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn láìmọ̀.

Ọjọ́rú, 13 Máàṣì

Sàúdátù bínú sí mi, ó yẹ̀ mí wò, ó sì tún bínú. Ó ní ẹsẹ̀ mi wú díẹ̀, kí n sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo bi í bóyá ó burú. Kò dá mi lóhùn tààrà. Ẹ̀rù tí mo rò pé mo fi sílẹ̀ ní Ẹdúnàbọ̀n ti padà wálé. Ṣùgbọ́n kò ga tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Èmi àti òun lè jókòó sínú yàrá kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Máàṣì

Hakeem lọ gbé Bọ̀ọ̀dá wá láàárọ̀. Ó ti ń jẹun. Ó wọ fìlà, ó di àpò ọ̀rá kan mú, ó ti ta kókó sí ẹnu rẹ̀. N kò béèrè bóyá òfì náà ló wà nínú rẹ̀.

Láti ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú dé ọ̀dọ̀ ìyá wa kò jìnnà. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ó ń fi ọ̀pá wá ilẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́. A gbé ẹsẹ̀ méjì, a dúró. A tún gbé méjì. Aago ké.

"Kí ló tún ń wí?"

"Ó ní a ò yára tó."

"Sọ fún un pé àkọ́bí ló wà níbí."

Mo bọ́ ọ, mo fi sápò. Ẹ̀rù bà mí láti rìn láìsí i, mo kàn ń fetí sílẹ̀ fún àyà mi bí mo ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo gbé e lé orí òkúta ibojì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ lé lẹ́tà orúkọ ìyá wa, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ lórí koríko, ó gbé àpò náà lé itan, ó sì ń wá ìdí kókó tó ta sí i.

Kókó náà le. Òjò ń ṣú bọ̀ láti ọ̀nà Ìbàdàn. Ìyá Fikáyọ̀ wò mí, n kò bá Bọ̀ọ̀dá tú u.

Mo dúró.